Ẹ Má Fi Àlàfo Ṣeré

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ kóòdù, inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pè mí síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn díje. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé prógíráàmù kóòdù Morse tó kọ jáde. Ojú rẹ̀ dára, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ní kó tẹ BABA WALE sí i. Prógíráàmù náà sọ ọ́ di Morse, ó sì tún dá Morse náà padà sí lẹ́tà. Ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni BABAWALE. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo pe àkíyèsí wọn sí i, adájọ́ náà sì ní kò sí nǹkan níbẹ̀, pé lẹ́tà kankan ò ṣáà sọ nù. Ọmọ náà ló gba ipò kìíní.

Kò sí nǹkan níbẹ̀ kẹ̀? Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé bàbá ti dé. Èyí kejì ń pe orúkọ ọmọ. Ìyàwó tó ń retí ọkọ rẹ̀ láti ìrìn àjò, tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá kàn án lọ́wọ́, kí ni kó fi ṣe?

N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń to lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sínú àtẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá pàápàá mọ̀ ọ́n. Àlàfo ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà PARIS, èyí tí àwọn oníṣẹ́ Morse fi ń díwọ̀n bí ọwọ́ ènìyàn ṣe yá tó. Àmì kúkúrú gba ìwọ̀n 1, àmì gígùn gba 3. Àlàfo àárín àmì sí àmì nínú lẹ́tà kan jẹ́ 1, ti àárín lẹ́tà sí lẹ́tà jẹ́ 3, ti àárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ jẹ́ 7. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀, ẹ fi àlàfo tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà kún un, 50 ni ẹ máa rí. Nínú 50 yìí, 22 péré ni ohùn. 28 tó kù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹni tó bá kọ prógíráàmù Morse tí kò ka ìdákẹ́jẹ́ sí, ó ti da ohun tó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ nù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní títẹ wáyà kì í bínú sí ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi lẹ́tà tẹ̀. Ó ní ẹni tó wà lódìkejì á rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò lọ déédéé, á sì béèrè. Ṣùgbọ́n bí o bá so lẹ́tà pọ̀, kíá ni yóò mú ọwọ́ rẹ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní kí o dìde fún ẹlòmíràn. E jẹ́ àmì kúkúrú kan, T jẹ́ àmì gígùn kan. E méjì tó fara kanra ti di I. E tó fara kan T ti di A. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ò ní béèrè nǹkan kan, torí lẹ́tà gidi ló gbọ́. Irú àṣìṣe tí kì í pariwo yìí ni ọ̀gá mi ń bẹ̀rù. Àtàárọ̀ ni yóò jókòó, yóò máa fi pẹ́ńsùlù lu tábìlì, a ó sì máa sọ fún un ibi tí lẹ́tà kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ mọ lẹ́tà tó jẹ́. Ibi tó parí sí ló ń béèrè.

Òun náà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn kóòdù àwọn ará Amẹ́ríkà fún mi. Nínú kóòdù tí Samuel Morse àti Alfred Vail lò níbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1844, àlàfo wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Àmì kúkúrú mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn jẹ́ S. Bí o bá dúró díẹ̀ lẹ́yìn èkejì, ó di C. Bí o bá dúró lẹ́yìn èkíní, R ni. Àmì mẹ́ta kan náà, lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ní 1848 ni Friedrich Gerke ní Jámánì yọ àwọn àlàfo inú lẹ́tà wọ̀nyẹn kúrò, kóòdù tó tún ṣe yẹn ni ti àgbáyé tí à ń lò lónìí sì ti jáde wá. Gerke mú un rọrùn fún yín, ẹ sì tún ń fi èyí tó ṣẹ́ kù tàfàlà.

Lẹ́yìn ìdíje yẹn, mo bẹ ọmọ náà kó ṣí kóòdù rẹ̀ hàn mí. Python ló fi kọ ọ́. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ó di òfìfo. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ ò sí nínú àtẹ, nítorí náà òun náà di òfìfo. Ó wá fi àyè kọ̀ọ̀kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Títí dé ibẹ̀, ojú ọgbẹ́ ṣì hàn, torí àyè méjì ló wà láàárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ dá a padà, ó lo split() láìfi nǹkan kan sínú àkámọ́ rẹ̀, split() bẹ́ẹ̀ sì ń ka àyè kan, méjì, mẹ́wàá, sí ọ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe di ọ̀kan nìyẹn. Àmì ìlà dídagun tí gbogbo ayé ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ Morse tí a bá kọ sílẹ̀ ì bá ti gbà á. Iṣẹ́ ìlà kóòdù kan ni.

Ní ti ohùn, ẹ ṣọ́ ìṣirò yín. Ẹni tó ti fi ìwọ̀n 1 sẹ́yìn gbogbo àmì, 2 ló kù tó máa fi kún un láàárín lẹ́tà kó tó pé 3. Láti ibẹ̀, 4 ló kù kó tó pé 7. Mo ti rí ẹni tó fi 3 lé 1, tó tún wá gbé 7 lé e, tí gbogbo rẹ̀ di 11. Ẹni tó bá létí ò lè fara da irú rẹ̀.

Kíkà Morse láti ọwọ́ ènìyàn ló le jù, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n tí ẹ kàn mọ́lẹ̀ sínú kóòdù máa ń dójú tì yín. Bí ènìyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 60. Ẹ wá fi 300 ṣe ààlà láàárín àlàfo lẹ́tà àti àlàfo ọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wá rẹ onítọ̀hún, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ 10. Ìwọ̀n kan ti di 120, àlàfo lẹ́tà ti di 360, ó ti fo ààlà yín kọjá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí prógíráàmù yín máa wo àmì tó ń bọ̀, kó máa tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe bó ṣe ń lọ. Kí ẹ sì wọn ohùn lọ́tọ̀, kí ẹ wọn àlàfo lọ́tọ̀, torí ẹni tó ń kọ́ Morse lọ́nà Farnsworth máa ń tẹ lẹ́tà kíákíá, á sì fẹ àlàfo rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Ìṣirò 3 àti 7 ò ní bá tirẹ̀ mu.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ńkọ́? Àlàfo ni prógíráàmù yín ń dúró dè kó tó pe lẹ́tà. Lẹ́yìn lẹ́tà ìkẹyìn, àmì mìíràn ò tún wá mọ́ tí yóò sọ fún un pé àlàfo ti parí. Bí ẹ kò bá ní kó pe èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìdákẹ́jẹ́ ti pẹ́ tó, ó máa dì í mọ́nú ni. Ẹ má gbàgbé SOS náà: àmì rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń lọ ní àsopọ̀ láìsí àlàfo lẹ́tà rárá. Ẹ fi í sínú àtẹ bí àmì kan ṣoṣo. Ìgbe ẹni tó wà nínú ewu ni, kò yẹ kí kọ̀ǹpútà yín pè é ní ohun tí kò mọ̀.

Èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an ni Ẹ, Ọ àti Ṣ. Kóòdù Morse ti àgbáyé ò ní wọn, kò sì ní àmì ohùn wa. Prógíráàmù ọmọ yẹn, bí ẹ bá tẹ ỌLỌ́RUN sí i, LRUN ló máa mú jáde. E, O àti S lásán ni àwa máa ń tẹ̀ nígbà náà, ẹni tó gba wáyà náà á sì kà á yé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń lò ó pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe. Èyí tí n kò gbà ni kí ẹ gbé lẹ́tà mì láìwí nǹkan kan.

Ó ń dùn mí pé àwọn tó lè bá yín wí lórí èyí ń tán lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1999 ni kò ti pọn dandan mọ́ fún ọkọ̀ ojú omi láti ní ẹni tó ń tẹ Morse. Ìran tó ń fi etí dá ọwọ́ ara wọn mọ̀, tí wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré tí wọ́n á ti mọ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ti dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lọ. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún BABAWALE.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ káàkiri ayé. Ẹ wá ọ̀kan nínú wọn rí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn prógíráàmù yín, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbólóhùn tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, kí ẹ tó gbé e síta. Bó bá ní kí ẹ padà lọ tún àlàfo ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ lọ tún un ṣe.