Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Náà Tutù Ná

Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọláìtán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Òjò Àgọ́-Ìwòyè ńkọ́, ṣé kò wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì yín mọ́? Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n má sọ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti rí ọ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan dé etí mi láti Òkè-Ṣọpẹ̀n. Wọ́n ní etí lásán lo fi ń ṣètò tápẹ́ẹ̀tì mọ́tò oníbàárà, pé ẹ́ńjìnnì ò tíì tutù tí o fi ń táìtì ẹ̀ títí ariwo á fi lọ, wọ́n sì ń yìn ọ́. Inú mi ò dùn rárá.

O gbọ́ ìtàn Peugeot 504 ẹlẹ́ja Ìwòpin yẹn, o ò mọ ìdí ẹ̀. Ọdún 1986 ni. Ọ̀gá mi ní kí mọ́tò sùn sọ́dọ̀ wa di àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Dírẹ́bà ń kánjú, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọṣẹ́. Mo táìtì tápẹ́ẹ̀tì ní gbígbóná, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lọ́lọ́. Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde a máa pọ́n bí ẹ̀yinná, bó bá sì ti gbóná, gígùn ló ń gùn sí i. Mi ò fi àlàfo tápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un, kò rí ìjókòó ẹ̀ jókòó dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ooru ara ẹ̀ ń gbà jáde. Kò pé oṣù kan tó fi jó. Ọ̀nà Àbígí ni mọ́tò kú sí lóru, tòun ti ẹja ìyá oníyá. Ọ̀gá mi ò bú mi. Owó àpò ẹ̀ ló fi ra fáàfù. Ó kú kí n tó tọrọ àforíjì.

Ọláìtán, òwúrọ̀ ni kí o máa ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó ta iná sí i. 504 ń fẹ́ àlàfo 0.10 mílímítà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.25 níbi èéfín. Ìgbà tí fáàfù sílíńdà kẹrin bá ń pàṣípààrọ̀, tí ọ̀kan ń padé tí èkejì ń ṣí, ni kí o fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ní lífítà ọlọ́ìlì kì í fẹ́ àlàfo ní tiẹ̀: nígbà tí fáàfù bá padé, fi ìka mi pushrod bí o ṣe ń táìtì, tí kò bá ti mì sókè sódò mọ́, fi ìdajì yíyí kún un, tàbí iye tí àwọn tó ṣe é bá kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, a kì í fọwọ́ kàn án rárá. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ké díẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó dákẹ́ lọ.

Fílà géèjì tí ọ̀gá mi fi ń wọn àlàfo ni mo fi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Má fi ewé ẹ̀ tú nọ́ọ̀tì. Wá sílé ní Sátidé, ìyá rẹ máa se ìkọ́kọrẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré