Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí Lórí Ìrora Iṣan Ojú

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó, èlé àti ìpín ọdún ni a sábà máa ń kọ́ ara wa nínú ìwé yìí. Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìlera ni a gbé ka iwájú yín. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú àwọn ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó, a máa ń rí ẹni tó yá owó láti yọ eyín, tó tún padà wá yá òmíràn láti yọ ìkejì, tí ìrora náà kò sì kúrò lójú kan. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí kò lè la ẹnu pe oníbàárà, báwo ni yóò ṣe san owó tó yá?

Kókó ẹ̀kọ́ wa kò ju ọ̀kan lọ: kì í ṣe gbogbo ìrora tó bá wà lẹ́nu ni eyín ń fà. Ẹ jẹ́ kí a mọ irú ìrora tó jẹ́ kí a tó náwó sí i, àti kí a tó yọ eyín tí kò ṣẹ̀.

1. KÍ NI IṢAN ÌMỌ̀LÁRA?

Láti inú ọpọlọ wa ni àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti jáde wá sí orí àti ojú. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ni à ń wí. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni láti máa jẹ́ ìránṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ara, bí wáyà tí a fà láti orí òpó iná wọ inú ilé. Méjìlá ló wà ní apá ọ̀tún, méjìlá ní apá òsì.

Èyí tó ṣe ìkarùn-ún nínú wọn ló ń jẹ́ kí ojú wa mọ̀ bí nǹkan bá kàn án. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní. Èkíní lọ sí iwájú orí àti ẹyinjú. Èkejì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ imú àti eyín òkè. Ẹ̀kẹta lọ sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Iṣan kan náà ló ń jẹ́ ìránṣẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti fún eyín. Bí nǹkan bá ṣe iṣan náà ní ìdí rẹ̀ lẹ́bàá ọpọlọ, ọpọlọ á rò pé eyín ló ń ké. Wáyà ló bàjẹ́, gílóòbù la ń yọ.

2. BÁWO NI ÌRORA NÁÀ ṢE Ń ṢE?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni trigeminal neuralgia. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ lè dárúkọ rẹ̀ tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn. Àmì rẹ̀ nìyí:

(a) Ó máa ń já lu ènìyàn lójijì, bí ìgbà tí iná ẹlẹ́ńtíríkì bá gbéni tàbí bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gúnni.
(b) Ẹ̀gbẹ́ kan ojú ló sábà máa ń mú.
(d) Kì í pẹ́. Ó lè má tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè tó ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ó lè já luni léraléra lóòjọ́.
(e) Ohun tí kò tó nǹkan ló ń fà á: omi tí a fi bọ́jú, pákò tí a fi rin ẹnu, òkèlè kan, àtíkè tí a fi pa ojú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tàbí kí a kàn sọ̀rọ̀.
(ẹ) Ó lè dáwọ́ dúró fún oṣù tàbí ọdún, kó tún padà dé.

Akokoro yàtọ̀ sí èyí. Ìrora eyín tó ti jẹrà máa ń pẹ́ lára, á máa sọ kì-kì-kì. Omi tútù tàbí nǹkan dídùn á mú un pọ̀ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì lè wú. Bí dókítà eyín bá kan eyín náà, á dùn ún.

Ẹ kíyè sí àmì (ẹ) yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ìrora náà bá lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti mu àgbo, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín kan, ohun tí a ṣe gbẹ̀yìn ni a ó gbé oríyìn fún. Nígbà tó bá tún dé, a ó ní eyín mìíràn ló kù, tàbí ká ní ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1773 ni dókítà kan, John Fothergill, ti ṣe àpèjúwe àìsàn yìí gan-an gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣe àwọn ènìyàn lónìí. Kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa ló ṣe é.

3. KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló fara ti iṣan ìmọ̀lára náà níbi tó ti jáde lára ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù kì-kì nínú rẹ̀, ó ń ha ìwọ̀ tó bo iṣan náà, bí ìgbà tí rọ́bà ara wáyà bá bó. Wáyà tó bó, bí nǹkan bá kàn án pẹ́nrẹ́n, iná á ṣẹ́. Àwọn tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún ló ń ṣe jù, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Nígbà mìíràn, kókó tó hù nínú orí tàbí àìsàn mìíràn tó ń jẹ ìwọ̀ iṣan ló ń fà á. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ń ṣe kò bá tíì tó ọmọ 40 ọdún, tàbí tí ojú rẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tó mú ọ̀tún mú òsì, tàbí tí etí rẹ̀ ń di, kí ó tètè jẹ́ kí dókítà ya àwòrán inú orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní MRI ló dára jù.

4. ÀWỌN ÀÌSÀN TÓ JỌ Ọ́

Bí imú bá dí, tí ikun ń jáde, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wúwo nígbà tí a bá tẹríba, inú ihò egungun tó wà nítòsí imú ló ṣeé ṣe kí àìsàn wà.

Bí ìlérò olómi bá tò sí ẹ̀gbẹ́ kan iwájú orí tàbí lẹ́bàá ojú, tó sì ń ta bí iná, ẹ lọ rí dókítà kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè ba ojú jẹ́.

Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú kò ṣeé pa dé, iṣan keje, tó ń mú ojú ṣiṣẹ́, ló ṣeé ṣe kí ó ti rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá tún kú, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu, àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn lè jẹ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wéréwéré. Ẹ̀yin pàápàá kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dájú, ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà.

Bí àgbàlagbà tó ti lé ní 50 ọdún bá ń ní ìrora tuntun ní ẹ̀bátí, tí àgbọ̀n ń dùn ún bó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó rí dókítà. Ojú lè fọ́ pátápátá.

5. ÌTỌ́JÚ

Parasitamọ́ọ̀ àti àwọn oògùn ara ríro tí à ń rà lójú títì kì í sábà ran ìrora iṣan yìí. Oògùn tí àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń lò ni carbamazepine, tí àwọn kan mọ̀ sí Tegretol. Ní 1962 ni dókítà Blom, ará Swídìn, kọ ìròyìn pé oògùn wárápá yìí ń mú ìrora náà rọlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan, ẹ má ṣe máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ní wárápá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lò ó ló ń rí ìrọ̀rùn láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn olófin ni. Ẹ ò gbọdọ̀ lọ rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n kékeré ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi mílígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

(a) Ó ń múni tòògbé, òòyì sì lè kọ́ni. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà, ẹ ṣọ́ra.
(b) Bí ara bá sú, tí ẹnu bó, tàbí tí ibà dé, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.
(d) Bí kò bá sí irú ewu yẹn, ẹ má ṣe já a sílẹ̀ lójijì nítorí pé ara ti yá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.
(e) Dókítà á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, kó sì mú ẹ̀dọ̀.
(ẹ) Ó ń sọ agbára oògùn mìíràn di aláìlágbára: oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti oògùn ibà tí a pè ní artemether-lumefantrine. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.
(f) Aláboyún àti ẹni tó ń retí oyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí ó lè pa ọmọ inú lára.

Bí oògùn kò bá ran án mọ́, iṣẹ́ abẹ wà. Dókítà Peter Jannetta ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀kan di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láti ọdún 1960 sí 1970: wọ́n á gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára iṣan ìmọ̀lára, wọ́n á sì fi nǹkan rírọ̀ sí àárín méjèèjì. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

6. KÍ NI ÀWA LÈ ṢE NÍNÚ ẸGBẸ́?

Àkọ́kọ́, kí ẹni tó fẹ́ yá owó ìtọ́jú ojú tàbí eyín kọ́kọ́ ná owó àyẹ̀wò. Kí ó bi dókítà eyín pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eyín wo gan-an ló bàjẹ́? Ẹ fi hàn mí nínú àwòrán." Bí kò bá sí èyí tó bàjẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀kankan. Kí ó tọrọ ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan àti ọpọlọ.

Èkejì, kí ẹni tí ó ń ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ló já lù ú, ibo ló mú, kí ló ń ṣe lọ́wọ́, ó tó ìgbà mélòó? Àkọsílẹ̀ yẹn ṣe iyebíye fún dókítà bí ìwé ìṣirò ṣe ṣe iyebíye fún akápò.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Kì í ṣe ìgbéraga ni kò jẹ́ kó dáhùn ìkíni yín. Ọ̀rọ̀ sísọ ló ń dùn ún. Ìrora yìí le débi pé ó ti mú ayé sú ẹlòmíràn. Bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi ṣeré, ẹ pe ẹbí rẹ̀, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn. Ẹ bá a jókòó ti ọjà, ẹ bá a polówó, ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀. Àfọwọ́sowọ́pọ̀ náà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ mẹ́ta láàrin akokoro àti ìrora iṣan ojú?
2. Kí ló dé tí ó fi lè dà bí ẹni pé eyín tí wọ́n yọ ló mú ìrora náà lọ?
3. Àmì wo ló ń béèrè pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an?
4. Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò? Mélòó, àti lọ́nà wo?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn tí kò lè kàwé nínú yín. Ajé á wá o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́