Ẹ̀KỌ́ KEJE: BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ ÀWÒRÁN ÀTIJỌ́

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwòrán ìyá wa àgbà tó wà ní ilé òrìṣà wa níbí, ní Barking Riverside, ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ni wọ́n fi yà á. Èéfín àbẹ́là ti sọ ọ́ di dúdú. Ọ̀kan nínú wa fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é o. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà lọ́wọ́ ìyá bá omi lọ. A ò bá a wí. Àwa la ò kọ́ ọ.

Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin a máa tún ara ògiri kùn nígbà ọdún. Níbẹ̀, àtúnkùn ni ìtọ́jú. Àwòrán olóróró kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó yà á ló wà lára rẹ̀; bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ lọ wo àwòrán ìdílé Fanshawe ní Valence House, ní Dagenham, tí ìdílé náà fi ta ìlú lọ́rẹ ní 1963. Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní 300 ọdún, ojú wọn ṣì ń wò wá.

Báyìí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é:

1. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó dáadáa, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ń ṣí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ padà kí wọ́n tó nu ún.

2. Wọ́n á fi òwú díẹ̀ lórí igi tín-ín-rín dán etí kan wò. Itọ́ ẹnu pàápàá ń yọ èérí, ẹ má rẹ́rìn-ín! Bí òwú bá mú àwọ̀, wọ́n á dúró.

3. Oògùn mìíràn ni wọ́n fi ń yọ fáníṣì àtijọ́ tó ti pọ́n bí oyin.

4. Ibi tí ọ̀dà ti jábọ́ nìkan ni wọ́n ń kùn, pẹ̀lú ọ̀dà tí ẹlòmíràn lè yọ lọ́la.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má fi omi, ọṣẹ, epo, àlùbọ́sà tàbí búrẹ́dì kàn án. Ẹ gbé e jìnnà sí àbẹ́là, oòrùn àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwa náà ò tíì kun ọwọ́ ìyá. A fi í sílẹ̀ lófìfo títí oníṣẹ́ á fi dé. Ẹ máa wò ó, ẹ máa rántí. Àṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló mú ìtọ́jú ògiri ojúbọ yàtọ̀ sí ti àwòrán olóróró?