Bàbá Mi Ní Fáyólìn Kì í Ṣe Iṣẹ́

LẸ́TÀ: Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí mi sí, Barnawa ni ilé wa wà. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo ka ìmọ̀ ìṣirò owó títí mo fi gba HND, àmọ́ ìdí fáyólìn tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkàn mi wà. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì máa ń pè mí síbi ìgbéyàwó. Bàbá mi ní kì í ṣe iṣẹ́, pé àwọn kò bí alágbe. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ yín ní Barnawa

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ti bàbá rẹ ni ká kọ́kọ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ Hausa ti rí àwọn tó ń ta gòjé lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́lá, tí wọ́n ń ki èèyàn títí owó yóò fi jáde. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù fún ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ gòjé nìyẹn. Okùn kan ṣoṣo ló ní, irun ẹṣin ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni èèyàn fi ń kọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n ta. Àwa Yorùbá náà sọ ọ́ di ara sákárà, Yusuf Ọlátúnjí sì fi sákárà di ẹni ńlá. Fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n bóyá alágbe ni wọ́n ka ọkùnrin yẹn sí.

Bí wọ́n bá ní fáyólìn yàtọ̀ sí gòjé, sọ ìtàn Joseph Emidy fún wọn. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1775. Àwọn Potogí kó o lẹ́rú lọ sí Brazil, wọ́n sì mú un dé Lisbon, níbi tó ti kọ́ fáyólìn títí ó fi ń jókòó láàárín àwọn olórin ilé opera ìlú náà. Ní 1795, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan jí i gbé tòun ti fáyólìn rẹ̀, kó lè máa ta á fún àwọn atukọ̀ láti jó. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dè é mọ́ ojú omi. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní Falmouth ní 1799, kò ní ará, kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ìlú lórin, ó ń ṣeré níwájú èrò, ó ń kọ orin tirẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan gbé orin tó kọ lọ sí London. Àwọn kan níbẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pè é wá, àwọn mìíràn ní àwọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á. Owó ni wọ́n dá ránṣẹ́ sí i. Cornwall ló wà títí ó fi kú ní Truro ní 1835.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń dùn mí, ó sì máa ń wú mi lórí. Ìlú tó ti bá ara rẹ̀ kò ní ilé opera kankan. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Nítorí náà, má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tí kò rí ibi ìṣeré ló ń di olùkọ́. Ní Kaduna, àwọn ọmọ Sátidé yẹn gan-an ni gbòǹgbò iṣẹ́ rẹ. Àwọn òbí wọn ni yóò wá jókòó gbọ́ ọ, àwọn ọmọ náà ni yóò sì tò sẹ́yìn rẹ bí wọ́n bá dàgbà.

Ṣùgbọ́n má tíì fi ìwé HND sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì lo ti kọ́ fáyólìn, ó sì dára, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ kò bá tọ́ lórí ọrun, ọmọ mẹ́rin ni yóò jogún àṣìṣe yẹn. Lọ fún ìdánwò orin ti ABRSM. Ìpele mẹ́jọ ló ní, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ìpele 5 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú tíọ́rì. Lẹ́yìn náà, gbìyànjú ilé ẹ̀kọ́ MUSON ní Oníkan, l'Ékòó. Wọ́n ní dípúlómà ọlọ́dún méjì, wọ́n á gbọ́ bó o ṣe ń ta á kí wọ́n tó gbà ọ́, MTN Foundation sì ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Níbẹ̀ ni wàá ti bá àwọn tó ń ta irú orin bíi African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́. Jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ọ.

Nípa Kaduna fúnra rẹ̀: ọyẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀ pé fáyólìn lówó lórí. Ó ń gbẹ igi rẹ̀, okùn á máa tú, ojú rẹ̀ á là. Fi kànìnkànìn tútù tó o ti fún gbẹ sínú ike tó ní ihò, kó wà nínú àpótí rẹ̀ láti November títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Kìlọ̀ fún àwọn òbí kí wọ́n má ra fáyólìn àgbà fún ọmọ ọdún mẹ́fà kó lè "dàgbà bá a". Ìwọ̀n kékeré wà, ìdajì wà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin náà wà. Apá ọmọ ló ń sọ èyí tó yẹ.

Ti owó: dá iye rẹ fún wákàtí kan, kó o sì gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Níbi ìgbéyàwó, gba ìdajì kó o tó jáde nílé. Iṣẹ́ Abuja dára, ọkọ̀ ojú irin wà láti Rigasa, àmọ́ fi owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn kún un. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ni ò ń sìn níbẹ̀, má gbowó. Ṣùgbọ́n tí ọmọ ìjọ bá ń gbéyàwó, oníbàárà ni.

Ìwọ ka ìṣirò owó, torí náà kọ gbogbo ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kó o wá kúnlẹ̀ gbé ìwé náà fún bàbá rẹ. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ mọ èrè tí wọ́n bá rí i. Bí ó bá sì di pé wàá lọ sí Èkó, kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa bá ọ kọ́ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn títí wàá fi dé.