Àpótí Ìmọ̀: Níbo ni wọ́n ti ń buwọ́ lùwé?

Pínpín agbára sí agbègbè ni pé kí ìjọba fi iṣẹ́ ọ̀gá àgbà, pẹ̀lú àṣẹ tó bá a rìn, sí ìlú tí kì í ṣe olú-ìlú. Kíyè sí i: ọ́fíìsì nìkan kò tó. Bí ìwé bá ṣì gbọ́dọ̀ lọ sí olú-ìlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ̀ka lásán ni ìlú náà ní.

Àpẹẹrẹ: Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Ìbàdàn tí í ṣe olú-ìlú ẹkùn náà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí wọ́n tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1975, síbẹ̀ ọ̀gá àgbà yunifásítì àti akọ̀wé àgbà kò kúrò ní Ifẹ̀. Òfin àtúnṣe ti 2003 tún fún ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì lágbára láti yan ọ̀gá àgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ ló ń yan alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Ohun ńlá nìyí fún ìlú: ọmọ Ifẹ̀ tó kàwé lè dé ipò gíga láìkó lọ sí Àbújá.

Wá fi ìjọba ìbílẹ̀ wé e. Òṣìṣẹ́ ìpele 01 sí 06 ni ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà fúnra rẹ̀. Láti ìpele 07 sókè, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní Òṣogbo tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló sì ń gbé wọn láti ìlú kan sí òmíràn.