Ẹ̀KỌ́ KEJE: ẸNI TÍ Ó DÚRÓ LẸ́NU ILẸ̀KÙN

Bíbélì kíkà: Deuteronomi 23:1, 12-14, Isaiah 56:3-7, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8:26-39
Àkọ́sórí: Matteu 7:12
Ète ẹ̀kọ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí a ti ń bo àṣírí obìnrin láì dójú ti ẹlòmíràn.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ní àpéjọ kan tí mo lọ, ìyá kan tò sí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Ó hu irùngbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Àwọn kan lé e, wọ́n ní kí ó lọ sí ti ọkùnrin. Obìnrin ni a bí i, ó sì ti bímọ. Igbó ni ìyá náà yà sí. Èmi náà wà lórí ìlà, n kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

1. ÀRÍYÀNJIYÀN OKÈ ÒKUN
Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń gbọ́ àríyànjiyàn tí ó jọ èyí. A rí ẹni tí a bí ní ọkùnrin tí ó ń gbé ìgbé-ayé obìnrin, a sì rí ẹni tí a bí ní obìnrin tí ó ń gbé ti ọkùnrin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ni kí wọ́n wọ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ohun tí ó wà nínú ìwé ìbí ni a ó máa tẹ̀lé ní ilé ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ariwo pọ̀; ní ọdún 2017 wọ́n fagi lé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìlú Ọba pinnu pé ẹni tí a bí ní obìnrin ni “obìnrin” nínú Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010. Àríyànjiyàn kò sì parí.

Obìnrin tí ó fẹ́ tú aṣọ ń fẹ́ ààbò. Ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ẹnì kejì pẹ̀lú ń bẹ̀rù kí wọ́n má lù ú. Àwọn kan nínú wọn kì í mu omi bí wọ́n bá ń jáde lọ.

2. OHUN TÍ BÍBÉLÌ FI HÀN
Mose pèsè ibi ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́yìn ibùdó fún gbogbo ènìyàn. Nínú orí kan náà, òfin kò gba ìwẹ̀fà láàyè nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n Isaiah ṣèlérí àyè fún un nínú ilé Ọlọ́run, Filippi sì bá ìwẹ̀fà ará Etiopia sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ìwẹ̀fà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn tí a ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n nítorí ara rẹ̀ ni a ṣe ń ti òun náà sẹ́yìn.

3. NÍLÉ WA NÍ ÒKUKÙ
Ẹ rántí ṣáláńgá agbo ilé. Bàbá ń lò ó, ìyá ń lò ó, àlejò ń lò ó. Ẹni tí ó ń bọ̀ á wúkọ́, ẹni tí ó wà nínú á dáhùn. Ìjà kò sí, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ní ń wọlé, ilẹ̀kùn sì ní ìkọ́.

Nítorí náà, bí ìjọ tàbí ọjà bá ń kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n kọ́ ti ọkùnrin àti ti obìnrin, kí wọ́n sì fi yàrá kan kún un tí ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, fún ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin tí ó mú ìyá rẹ̀ arúgbó wá yóò lò ó. Bàbá tí ó mú ọmọbìnrin kékeré wá yóò lò ó. Ẹni tí a kò mọ bí a ó ti pè é yóò lò ó pẹ̀lú. Ìwádìí ìjọba ní ọdún 2021 ka ènìyàn bí mílíọ̀nù 48 ní Nàìjíríà tí ń yàgbẹ́ sí gbangba. Ẹ má jẹ́ kí a lé ẹnì kan kún wọn.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi dán ara rẹ̀ wò. Àkọ́sórí wa kò jìnnà sí i.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó yẹ kí n ṣe lórí ìlà lọ́jọ́ náà?
2. Báwo ni a ṣe lè dáàbò bo obìnrin láì lé ẹnikẹ́ni sí igbó?

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Ẹ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọ yín. Ǹjẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìkọ́?