Àròkọ Alálàyé: Bí A Ṣe Ń Tún Fáànù Kékeré Tí Ń Pariwo Nínú Ọkọ̀ Ṣe

Nínú àròkọ alálàyé, iṣẹ́ tí a gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó la ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan yé ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Bí orí-ọ̀rọ̀ bá sọ pé ‘Ṣe àlàyé bí a ṣe tún ohun èlò kan tí ó bàjẹ́ ṣe’, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sáré kọ nípa kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò, nítorí pé wọ́n ti há a sórí láti inú ìwé. Olùdánwò ti ka ọ̀rọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ títí ó fi sú u. Kọ nípa ohun tí ọwọ́ rẹ ti kàn, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Rí i pé ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni o kọ́kọ́ kọ. Má ṣe dá ẹ̀rọ padà sí àyè rẹ̀ tán kí o tó rántí sọ pé ó yẹ kí a ti yọ bátìrì. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìdí. Ẹni tí ó kọ pé ‘a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku rẹ̀’ sọ ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó fi kún un pé búrọ́ọ̀ṣì tútù yóò sọ eruku di ẹrẹ̀ sí ara ẹ̀rọ ni ó ṣe àlàyé.

Ní ti orúkọ àwọn ẹ̀yà ọkọ̀, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Lo orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, kí o sì kọ ọ́ ní àkọtọ́ Yorùbá: wáyà, bátìrì, dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣàjèjì, bíi ‘sẹ́ńsọ̀’, sọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí o bá lò ó. Ẹni tí ó bá jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ó ń wá orúkọ tuntun fún bátìrì yóò kàn fi àsìkò ṣòfò ni.

Ka àpẹẹrẹ yìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí bàbá mi ń wà. Ó ń dún kíríkírí bí ẹni pé ìrẹ̀ wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí bàbá mi bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ìrẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pa ọkọ̀, ìrẹ̀ a tún ké fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Rẹwáyà kan wá, ó gé wáyà kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ariwo sì dákẹ́. A sanwó fún un, a tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni éésì ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bíi yìnyín láìdábọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 24 ni a fi í sí. Ìyá àgbà, tí làkúrègbé ń bá jà, fi aṣọ òfì bo orúnkún láti Ìbàdàn títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a pe rẹwáyà náà padà, ó ní kọ̀ǹpútà tí ń darí éésì ni ó bàjẹ́ àti pé a gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Owó kan ṣoṣo tí bàbá mi ní lọ́wọ́ nígbà náà ni owó ìdánwò èmi àti àbúrò mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, ni ó gbà wá. Ó ní, “Ẹ fi owó yín sí àpò ná. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n gé.” Lẹ́yìn ihò wẹ́wẹ́ kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni ó ti fi sẹ́ńsọ̀ hàn mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí inú ọkọ̀ ti gbóná tó, kò sì tóbi ju kóró ẹ̀wà lọ. Bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni iná mànàmáná ń rí ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀ sí i. Èyí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi kún òtútù tàbí kí ó dín in kù. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú dáṣíbọ́ọ̀dù gbóná ju ibi tí ènìyàn jókòó sí lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kàn wà lẹ́yìn ike gbígbóná yẹn láìsí afẹ́fẹ́, irọ́ ni yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi fáànù kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀. Rẹwáyà pa fáànù, afẹ́fẹ́ dúró, sẹ́ńsọ̀ ń jẹ́rìí ooru dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyá àgbà ń gbọ̀n.

A pa ọkọ̀, a so wáyà tí ó gé padà, a sì fi téèpù dì í dáadáa. Nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, ìrẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. A pa fáànù ńlá tí ń fẹ́ atẹ́gùn éésì, ariwo kò dáwọ́ dúró. Nítorí náà kì í ṣe fáànù ńlá ni ó ń ké. A ya bébà tíṣù díẹ̀, a fi í sí ojú ihò wẹ́wẹ́ náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo fi ìka dí ihò náà, ohùn ariwo yí padà. Ọ̀rọ̀ kò ní iyèméjì mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, òkè orí ni fáànù yìí wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àjà. Nínú àwọn kan, ó wà nínú pátákó tí a fi ń yí éésì gan-an. Àwọn ọkọ̀ kan kò tilẹ̀ ní in: ọ̀pá rọ́bà kékeré ni wọ́n ní, tí agbára fáànù ńlá ń bá wọn fa afẹ́fẹ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń pariwo, ibòmíràn ni kí a wò.

A dúró kí oòrùn yọ dáadáa kí a tó ṣí i, nítorí pé ike a máa le nínú òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́, ó sì lè ṣẹ́. Bàbá mi kọ nọ́ńbà àṣírí rédíò sílẹ̀, nítorí pé rédíò mìíràn kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí a bá yọ bátìrì, àfi bí a bá tẹ nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn èyí ni a pa ọkọ̀, tí a sì tú wáyà orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò. A jókòó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí iná tí ó kù nínú àwọn àpò atẹ́gùn tí ń dáàbò bo èrò nígbà ìjàǹbá lè tán. Kò yẹ kí wọ́n bú sí ni lójú nítorí fáànù. A fi aṣọ wé ẹnu súkúrúdíráfà pẹlẹbẹ kí ó má baà ha dáṣíbọ́ọ̀dù, a sì fi í gbé ọmọrí ihò náà díẹ̀díẹ̀. A tú súkúrù méjì, a kó wọn sínú ọmọrí ìgò. Nígbà tí ó kan ojú ìsopọ̀ wáyà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹ ahọ́n rẹ̀ kí ó tó fà á. Kò di wáyà mú fà, nítorí pé yóò já.

Fáànù náà kò tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ní fífẹ̀. Òwú aṣọ àti eruku ọyẹ́ ti lọ́ mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ti rí bí irun ológbò. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà kí ó fi atẹ́gùn fọ́n ọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ̀. Ó ní irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ yóò mú un yí ju agbára rẹ̀ lọ, yóò sì ba ọ̀pá rẹ̀ jẹ́. Mo di abẹ́ rẹ̀ mú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, mo sì fi abẹ́rẹ́ tú òwú náà kúrò. Ara sẹ́ńsọ̀ ni mo rọra fi búrọ́ọ̀ṣì kàn, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán epo máṣíìnì ìránṣọ ẹyọ kan sí ìdí ọ̀pá náà, ó sì nu èyí tí ó ṣẹ́kù. Ẹyọ kan ti tó. Bí epo bá pọ̀, eruku mìíràn ni yóò fi pè. A kò gbọdọ̀ lo epo bíréèkì rárá, nítorí pé ó ń ba nǹkan jẹ́. Mo fi ìka ta fáànù, ó yí, kò sì mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní ó ń mì ni, ojú ihò tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbé yí ni ì bá ti jẹ tán. Epo kò ní lè mú un dákẹ́ pẹ́, òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni à bá rà.

Kí a tó bò ó, a so ojú ìsopọ̀ rẹ̀ àti bátìrì padà, a yí kọ́kọ́rọ́, a sì tẹ́tí. Kò sí ìrẹ̀. Bébà tíṣù ṣì lẹ̀ mọ́ ojú ihò, èyí tí ó fi hàn pé fáànù ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé ó kú. A pa ọkọ̀, a dá súkúrù àti ọmọrí padà. Nígbà tí a tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá àgbà sùn lọ lójú ọ̀nà, aṣọ òfì rẹ̀ sì wà ní kíká lórí itan rẹ̀. Owó ìdánwò wa kò kúrò nínú àpótí.

ÀKÍYÈSÍ

Ìpínrọ̀ kejì ni ọpọ́n àròkọ yìí sún kàn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ rẹwáyà àti iṣẹ́ mẹkáníìkì yóò dọ́gba lójú òǹkàwé, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n pa ariwo. Wo bí òǹkọ̀wé ti lo ‘nítorí pé’ léraléra. Ní inú ìtàn àròsọ, èmi ìbá fà á lé e lọ́wọ́ pé ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò pọ̀ jù níhìn-ín. Àbùkù kan wà: ìpínrọ̀ karùn-ún gùn jù, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ fáànù tí ó ń mì dá dúró ní ìpínrọ̀ tirẹ̀.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣe àlàyé bí a ṣe ń tún fáànù àjà tí ń pariwo ṣe. Kọ ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

2. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan tún nǹkan ṣe fún àwọn ará ilé rẹ, kò sì pẹ́ tí àléébù mìíràn fi yọ. Ṣe àlàyé ohun tí ó ṣe, ibi tí ó ti ṣì í, àti bí ó ṣe yẹ kí ó ti ṣe é.